Àwòrán Kì í Dájọ́: Ìtàn Àtúnwò Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì ọdún 2019, ìwé ìròyìn The Times-Picayune ti ìlú New Orleans gbé ojú ewé àkọ́kọ́ kan jáde tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfìfo. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n gbá Super Bowl, ìdíje àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí àwọn ìwé ìròyìn mìíràn káàkiri orílẹ̀-èdè náà sì fi ṣe àkọlé gàdàgbà. Ní New Orleans, lẹ́tà kéékèèké díẹ̀ péré ló wà lórí ewé funfun náà, tó ń béèrè pé Super Bowl wo gan-an ni wọ́n ń sọ. Ìbínú ìlú ni ìwé ìròyìn náà tẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó fa ìbínú náà ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní ogúnjọ́ oṣù Kìn-ín-ní. Ẹgbẹ́ New Orleans Saints gba Los Angeles Rams lálejò, ẹni tó bá sì borí ni yóò lọ sí àṣekágbá. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì kí eré parí, wọ́n sì wà ní 20 sí 20. Drew Brees ju bọ́ọ̀lù sí Tommylee Lewis ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Nickell Robey-Coleman ti Rams kò tilẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Ó sáré wá, ó kọlu Lewis kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin kò fàyè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú yíjú sí àwọn adájọ́ orí pápá, wọ́n ń retí àsíá aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n máa ń jù sílẹ̀ bí ẹnìkan bá ṣẹ̀. Àsíá kankan kò bọ́ sílẹ̀.

Ká ní wọ́n jù ú ni, Saints ì bá fi àkókò tó kù ṣòfò títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti ibi tó súnmọ́ tòsí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n gba àmì mẹ́ta, ó di 23 sí 20, àkókò sì ṣẹ́kù fún Rams láti dọ́gba. Nínú àfikún àkókò, Greg Zuerlein gbá bọ́ọ̀lù láti yáàdì 57, Rams sì borí pẹ̀lú 26 sí 23. Kò pẹ́ tí eré parí tí ọ̀gá àwọn adájọ́ ní àjọ NFL fi sọ fún Sean Payton, akọ́nimọ̀ọ́gbá Saints, lórí fóònù pé ó yẹ kí wọ́n ju àsíá. Àjọ náà tún bu owó ìtanràn 26,739 dọ́là lé Robey-Coleman lórí nítorí ìkọlù ọ̀hún. Àmọ́ èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò yí padà.

Ohun tó dun àwọn ará New Orleans jùlọ ni pé àwòrán wà. Kámẹ́rà tó ka ìṣẹ̀lẹ̀ náà pọ̀ lọ jàra. Ẹni tó wà nílé rí i, ẹni tó wà ní pápá rí i. Ẹ̀rọ àtúnwò náà wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Òfin tí yóò jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà wo irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò sí.

Ẹni tó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá mọ irú àríyànjiyàn yìí láti ìgbà tí VAR ti dé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣáájú gbogbo ayé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nínú rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ló kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára ẹ̀rọ pin sí. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ìtàn wọn yẹ ní wíwò.

Ohun méjì ló yẹ kí a mọ̀ kí ìtàn náà tó lè yéni. Àkọ́kọ́, nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jù ú síra wọn. Ìgbà mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan ní láti fi sún bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì mẹ́wàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Nítorí náà, bóyá bọ́ọ̀lù dúró lọ́wọ́ ẹni tó gbá a mú tàbí kò dúró, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìlà tàbí ó ti jáde, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wà. Èkejì, ìpele kò-mẹsẹ̀-ò-yọ wọn kò ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pàdé. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ́gun ti ń lọ sílé nìyẹn. Àṣìṣe tí liigi ọlọ́jọ́ gígùn lè gbé mì, ìpele yìí kò lè gbé e mì.

Èyí tí wọ́n ṣì ń jà lé lórí jùlọ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Pittsburgh, ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1972. Oakland Raiders ń borí Steelers pẹ̀lú 7 sí 6, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 22. Terry Bradshaw ju bọ́ọ̀lù sí John Fuqua, ṣùgbọ́n Jack Tatum ti Raiders kọlu Fuqua bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dé. Bọ́ọ̀lù ta padà sẹ́yìn, Franco Harris sì he é nígbà tó kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ó sáré gbé e wọlé. Òfin ìgbà náà sọ pé bó bá jẹ́ ara Fuqua nìkan ni bọ́ọ̀lù ti ta, Harris tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á. Bó bá jẹ́ ara Tatum ló ti ta, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Rẹfirí Fred Swearingen lọ gbé tẹlifóònù, ó bá Art McNally tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ló fún Steelers ní àmì wọn. Ó parí sí 13 sí 7. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti wo fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ yìí láìmọye ìgbà, síbẹ̀ kò tíì sí àwòrán kan tó fi ara ẹni tí bọ́ọ̀lù ti ta hàn kedere débi tí àwọn ará Oakland yóò fi gbà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ àtúnwò tó dé rárá.

Pittsburgh yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ tún ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1980. Houston Oilers ń fi àmì méje tọ Steelers lẹ́yìn, Mike Renfro sì gbá bọ́ọ̀lù kan mú ní igun ibi ìwọlé. Àwọn adájọ́ forí korí, wọ́n ní kò dúró dáadáa kó tó jáde. Tẹlifíṣàn gbé àwòrán náà ní ìgbà púpọ̀, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì rí i pé ó wọlé. Houston fìdí rẹmi pẹ̀lú 27 sí 13. Ní ọdún 1978, NFL ti dán àtúnwò wò nínú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìmúrasílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Renfro, ó nira láti ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó sílé ìdí tí òun fi mọ ohun tí rẹfirí kò mọ̀.

Ọdún 1986 ni àwọn olówó ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i: 23 gbà, mẹ́rin kọ̀, ẹnìkan sì ta kété. Adájọ́ kan á jókòó sínú yàrá lókè pápá, á máa wo tẹlifíṣàn, á sì fi rédíò alágbèérìn bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún náà kò tíì lọ jìnnà tí àbùkù fi jáde. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá, níbi tí Raiders àti Kansas City Chiefs ti ń gbá a, adájọ́ òkè sọ pé bọ́ọ̀lù kò dúró lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Rẹfirí tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ pé ó dúró, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì jọra létí. Àmì wọlé láìtọ́. Ojú ẹ̀rọ ríran dáadáa. Etí ènìyàn ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ye.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń ráhùn pé àtúnwò ń fa eré gùn, ó sì tún ń ṣì í. Ní ọdún 1992, ẹgbẹ́ 17 fẹ́ kó máa bá a lọ, 11 kọ̀. Ìbò 21 ni òfin béèrè. Àtúnwò kú bẹ́ẹ̀.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí kì í ṣe ti kò-mẹsẹ̀-ò-yọ ló jí i dìde. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 1998, Vinny Testaverde ti New York Jets gbé bọ́ọ̀lù sáré sí ìlà ìwọlé Seattle Seahawks nígbà tí eré ń parí lọ. Akoto orí rẹ̀ kọjá ìlà. Bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀ kò kọjá. Adájọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé ó wọlé. Jets borí pẹ̀lú 32 sí 31, Seahawks kò rí ìpele kò-mẹsẹ̀-ò-yọ dé lọ́dún náà, Dennis Erickson tó ń kọ́ wọn sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí sáà parí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn olówó ẹgbẹ́ dá àtúnwò padà pẹ̀lú ìbò 28 sí mẹ́ta.

Wọ́n tún un ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn á ju àsíá pupa. Bí ẹjọ́ rẹ̀ bá já sí òfo, á pàdánù ọ̀kan nínú àǹfààní tó ní láti dá eré dúró. Ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn, àwọn tó wà lókè ni yóò máa pe àtúnwò. Pàtàkì jùlọ, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan sínú òfin: ìdájọ́ orí pápá kò gbọdọ̀ yí padà àyàfi bí ẹ̀rí ojú tí kò ṣeé jiyàn bá wà. Ọ̀rọ̀ yìí dára létí. Àmọ́ ta ni yóò sọ pé ẹ̀rí kò ṣeé jiyàn, nígbà tí ìlú méjì ń jiyàn lé e lórí?

Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí ìdáhùn fi dé. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, yìnyín ń rọ̀ ní Foxborough, Raiders sì ń borí New England Patriots pẹ̀lú 13 sí 10. Charles Woodson kọlu Tom Brady, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Raiders sì dì í mú. Ó dà bí ẹni pé eré ti parí. Wọ́n pe àtúnwò. Rẹfirí Walt Coleman wo àwòrán, ó jáde, ó ní Brady kò tíì parí ìju bọ́ọ̀lù, nítorí òfin kan wà tó sọ pé bí ọwọ́ bá ti ń lọ síwájú láti ju bọ́ọ̀lù, jíjù ni òfin yóò kà á sí, ìbáà jẹ́ pé ẹni náà ń fa bọ́ọ̀lù padà sára. Patriots dọ́gba, wọ́n borí pẹ̀lú 16 sí 13 nínú àfikún àkókò, wọ́n sì lọ gba Super Bowl àkọ́kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kò sí ẹni tó jiyàn nípa ohun tí àwòrán fi hàn. Àwọn ará Oakland rí ọwọ́ Brady, àwọn ará New England náà rí i. Òfin ni wọ́n ń jà lé lórí: kí ni à ń pè ní jíjù? Coleman tẹ̀lé òfin bó ṣe wà nínú ìwé, síbẹ̀ ìdájọ́ náà kò bá ohun tí òye àwọn òǹwòran sọ fún wọn mu. Ní ọdún 2013, àwọn olówó ẹgbẹ́ fi ìbò 29 sí ẹyọ kan pa òfin náà rẹ́. Ọdún 11 ti kọjá. Ife-ẹ̀yẹ kò padà.

Bákan náà ló rí fún Dallas Cowboys, àwọn tiwọn sì tọ́ adùn àti ìkorò wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, àwọn adájọ́ ju àsíá sí wọn nínú eré pẹ̀lú Detroit Lions, wọ́n tún he é nílẹ̀ láìsí àlàyé tó yé èrò. Dallas borí pẹ̀lú 24 sí 20. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní Green Bay, Dez Bryant fò sókè, ó gba bọ́ọ̀lù, ó ń ṣubú lọ sí ìlà. Lórí pápá, wọ́n ní ó gbà á. Lẹ́yìn àtúnwò, wọ́n ní kò gbà á, nítorí bọ́ọ̀lù mì nígbà tó kan ilẹ̀. Green Bay borí pẹ̀lú 26 sí 21. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún adájọ́ ní ọjọ́ Àìkú kan ló ń ṣépè fún un ní ọjọ́ Àìkú kejì. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ 32 fi ohùn kan yí ìtumọ̀ gbígba bọ́ọ̀lù padà. Ó tún pẹ́ jù fún ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí.

Èyí ni òye tó yẹ kí a fi padà sí ọ̀rọ̀ New Orleans. Nígbà tí ẹjọ́ pápá já sí òfo, àwọn olólùfẹ́ Saints gba ilé ẹjọ́ lọ. Agbẹjọ́rò kan àti àwọn mìíràn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì pe NFL lẹ́jọ́. Owó tí wọ́n béèrè kò pọ̀, wọ́n sì ní ìtọrẹ àánú ni àwọn yóò fi ṣe. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí Roger Goodell, ọ̀gá àgbà NFL, àti àwọn adájọ́ ọjọ́ náà wá dáhùn ìbéèrè lábẹ́ ìbúra. Ilé ẹjọ́ kékeré gbà kí ẹjọ́ náà máa lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ìpínlẹ̀ Louisiana dà á nù. Wọ́n ní ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ra àyè láti wọlé kó sì jókòó wòran ni. Ilé ẹjọ́ kọ́ ni wọ́n ti ń yanjú aáwọ̀ lórí àsíá.

NFL fúnra rẹ̀ ti gbé ìgbésẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ẹgbẹ́ 31 nínú 32 gbà pé kí àtúnwò bẹ̀rẹ̀ sí í wo irú ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ sí Lewis, yálà wọ́n ju àsíá tàbí wọn kò jù ú. Ó yẹ kí ara New Orleans balẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yìí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tó wà nínú ìlà tàbí tó jáde. Ènìyàn méjì tó ń sáré du bọ́ọ̀lù kò lè ṣàì fara kanra. Ìwọ̀n tí ó fi di ẹ̀ṣẹ̀ ni adájọ́ ń gbé yẹ̀wò, ìwọ̀n kò sì sí nínú àwòrán. Jálẹ̀ sáà náà, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ju àsíá pupa, ìdáhùn sì ń yàtọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, Saints tún wà ní ìpele kò-mẹsẹ̀-ò-yọ, ní pápá kan náà, pẹ̀lú Minnesota Vikings. Nínú àfikún àkókò, Kyle Rudolph ti Vikings na ọwọ́ sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó gba bọ́ọ̀lù, ó wọlé. Vikings borí pẹ̀lú 26 sí 20. Àwọn èrò ń pariwo pé ó ti ọmọ wọn. Òfin tí ẹkún New Orleans bí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó pé, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn alátùn-únwò ní New York wo àwòrán, wọ́n ní kò sí ohun tó tó láti yí ìdájọ́ padà. Nígbà tí sáà parí, kò sí ẹni tó gbèjà òfin náà mọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ó kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 2018, ní St Petersburg, Super Eagles àti Argentina wà ní 1 sí 1 nígbà tí bọ́ọ̀lù kan Marcos Rojo lọ́wọ́ nínú àpótí. Rẹfirí Cüneyt Çakır lọ wo tẹlifíṣàn ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó padà wá, ó ní kò sí pẹnáritì. Rojo yìí kan náà ló gbá góólù tó lé Nàìjíríà kúrò nínú Ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé náà. Gbogbo wa la rí ọwọ́ Rojo, rẹfirí náà rí i. Ohun tí òfin pè ní ẹ̀ṣẹ̀ ọwọ́ ni ẹnu kò kò lé lórí.

Kí wá ni ìtàn yìí kọ́ni? Kò ní jẹ́ òótọ́ láti sọ pé ẹ̀rọ kò wúlò. Ó ti tún ọ̀pọ̀ àṣìṣe ṣe tí kò sí ẹni tó rántí mọ́, nítorí àṣìṣe tí a tún ṣe kì í di ìtàn. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí à ń wá ni ibi tí ẹsẹ̀ wà tàbí ibi tí bọ́ọ̀lù dé, ẹ̀rọ yóò sọ ọ́, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ìwọ̀n, èrò ọkàn tàbí ìtumọ̀, ọ̀dọ̀ ènìyàn ló ń padà sí. Kódà, ní ọdún 2025, lẹ́yìn tí àwọn ará Buffalo ti ráhùn lórí ibi tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù Josh Allen sí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Kansas City fi 32 sí 29 borí wọn, NFL bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà wọn yáàdì mẹ́wàá dípò ẹ̀wọ̀n irin àtijọ́. Kámẹ́rà náà ń wọ̀n ọ́n láìṣìṣe. Àmọ́ ọwọ́ adájọ́ ló ṣì ń gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí kámẹ́rà tó wọ̀n ọ́n.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ̀rọ kò lè ṣe, tí kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó gọbọi: àlàyé. Láti ọdún 1975 ni rẹfirí NFL ti ń fi gbohùngbohùn sọ ìdájọ́ rẹ̀ fún gbogbo pápá. FIFA kò ṣe irú rẹ̀ ní Ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé kankan títí di ti àwọn obìnrin ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn kì í sọ̀rọ̀ nípa àsíá tí wọn kò jù. Lẹ́yìn eré ọdún 2019, nígbà tí akọ̀ròyìn kan bi rẹfirí Bill Vinovich léèrè, ó ní ìdájọ́ adájọ́ tó súnmọ́ ibẹ̀ ni, òun fúnra òun kò sì tíì rí ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Gbogbo Amẹ́ríkà ti rí i nígbà náà. Bóyá ohun tí àwọn tó gba ilé ẹjọ́ lọ ní Louisiana ń béèrè kò ju èyí lọ: kí ẹni tó dájọ́ jáde wá, kí ó sọ ohun tó rí, ohun tí kò rí, àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó pàdánù má gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun kí wọ́n tó dá a.